Ìwé Gbèsè Kì í Ṣe Ìdájọ́

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀rọ gé ọ̀kan nínú wa lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá. Iléeṣẹ́ rán an lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Kò sẹ́ni tó bèèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù 11 ni ìwé gbèsè dé. Ẹni tí wọ́n rán wá sin owó náà dógò tì í lẹ́nu géètì, ó ń fi ọlọ́pàá dẹ́rù bà á. Ìtìjú mú un, ó fẹ́ lọ yá owó alájẹsẹ́kù. A ní kó dúró.

Òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ ti 2010 sọ pé owó tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń dá sí àpò NSITF ni kí á fi tọ́jú ẹni tó farapa lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí òṣìṣẹ́ fi tó ọ̀gá létí láàrin ọjọ́ 14, kí ọ̀gá sì fi tó NSITF létí láàrin ọjọ́ 7. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 náà kò gbà kí wọ́n mú ènìyàn nítorí gbèsè lásán.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni sá fún gbèsè tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, kó máa san án díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bèèrè: àyẹ̀wò wo ni? Ọjọ́ wo? Ta ló ní kí wọ́n ṣe é? Ẹ gba èsì ní kíkọ. Ẹ má fọwọ́ sí ohun tí ẹ kò tíì kà yé.

A ti mú ìwé ẹlẹgbẹ́ wa tọ ọ̀gá lọ, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ọjọ́ tó farapa. Ẹ mú tiyín náà wá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.