Ẹni Tó Da Omi Síwájú: Ẹ̀kọ́ Kànga Kan ní Walkerton

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ọ̀rọ̀ oore ni a sábà máa ń pa òwe yìí sí, pé ohun rere tí èèyàn ṣe lónìí ni yóò bá níwájú lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yẹ ìpèdè rẹ̀ wò dáadáa yóò rí i pé òwe náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò dárúkọ ẹni tó ní in lọ́kàn láti da omi, bẹ́ẹ̀ ni kò dárúkọ ẹni tó sọ fáráyé pé òun ti dà á. Ẹni tó dà á ló ń bá wí. Ilẹ̀ kì í gbọ́ ìròyìn. Ẹsẹ̀ tó bá tẹ̀ ẹ́ ni yóò mọ̀ bóyá omi kàn án. Níbi tí ìlú kékeré kan ti ń fa omi mímu láti abẹ́ ilẹ̀, òwe yìí di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, òjò ńlá rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan ní Walkerton, ìlú kan ní ẹkùn Ontario, lórílẹ̀-èdè Kánádà, tí èèyàn inú rẹ̀ kò ju bí 5,000 lọ. Ọ̀kan nínú àwọn kànga-dẹ̀rọ ìlú náà, tí wọ́n gbẹ́ ní 1978, kò jìn: láàárín mítà 5 sí 8 ni omi ti ń wọ inú rẹ̀, àpáta abẹ́ rẹ̀ sì ti sán. Ìgbẹ́ màlúù tí wọ́n fi ṣe ajílẹ̀ oko kan nítòsí bá omi òjò wọlẹ̀, kòkòrò àìfojúrí E. coli O157:H7 sì gba ẹnu ẹ̀rọ wọ ilé onílé. Èèyàn 7 kú, ó lé ní 2,300 tó ṣàìsàn, àwọn ọmọdé sì wà lára àwọn tí kíndìnrín wọn bàjẹ́. Adájọ́ Dennis O'Connor, tó ṣe ìwádìí ọ̀ràn náà, kò dá àgbẹ̀ náà lẹ́bi, nítorí ó tẹ̀lé ìlànà iṣẹ́ rẹ̀. Òjò kò lè ṣe kó má rọ̀, màlúù kò sì lè ṣe kó má yàgbẹ́. Kiloríìnì, oògùn apakòkòrò inú omi, ló yẹ kó ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, èyí tí wọ́n fi sínú omi náà kò sì tó.

Ìlànà ti wà nílẹ̀ pé ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn tí kiloríìnì bá wọ omi, ó yẹ kí mílígíráàmù 0.5 ṣì ṣẹ́kù nínú lítà kan. Ìdí ni pé ìdọ̀tí a máa jẹ kiloríìnì. Bí díẹ̀ bá ṣẹ́kù, a mọ̀ pé a ti ṣẹ́gun. Bí kò bá ṣẹ́kù, ìdọ̀tí ló borí. Ẹni tó bá ń wọn èyí tó ṣẹ́kù lójoojúmọ́ yóò rí ewu kí ó tó dé inú ife. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ omi Walkerton kì í wọ̀n ọ́ lọ́pọ̀ ọjọ́. Wọ́n kàn ń kọ 0.5 tàbí 0.75 sínú ìwé ni. Òjò rọ̀, omi yí padà, iye inú ìwé kò yí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ìwà yìí sì ti lé ní ogún ọdún níbẹ̀ lóòótọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé ìkà ni wọ́n. Ìwádìí kò sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn fúnra wọn ń mu omi kànga náà láìfi kiloríìnì sí i, àwọn ará ìlú kan sì ń ráhùn pé kiloríìnì ń ba adùn omi jẹ́. Ohun tó tàn wọ́n jẹ ni ìgbàgbọ́ pé omi tó mọ́ lójú ti mọ́ náà nìyẹn. Ẹlòmíràn lè ní ìlú kékeré kò lówó àbójútó. Àmọ́ wíwọn kiloríìnì kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, nígbà tí àjálù náà ná ìlú àti ìjọba ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 64 dọ́là Kánádà. Bí ìlú bá kéré, ìjọba ló yẹ kó ràn án lọ́wọ́, ìjọba Ontario náà kò sì da omi tirẹ̀ síwájú: wọ́n fún àwọn òṣìṣẹ́ náà ní ìwé ẹ̀rí láìṣe ìdánwò, wọ́n gé owó àwọn alábòójútó kù, wọn kò sì ṣe òfin pé kí ilé àyẹ̀wò aládàáni máa ta ọ́fíìsì ìlera lólobó. Èsì àyẹ̀wò tó burú dé ọwọ́ ọ̀gá omi ìlú náà ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún yẹn. Nígbà tí ọ́fíìsì ìlera béèrè, ó ní omi dára. Ọjọ́ 21 ni wọ́n tó kéde pé kí aráàlú máa se omi kí wọ́n tó mu ún. Òfin omi mímu tuntun dé ní 2002, lẹ́yìn ikú.

Kí ará Èkó tàbí Ìbàdàn má ka èyí sí ìtàn òkèèrè. Lọ́dọ̀ wa, onílé ni ilé-iṣẹ́ omi, kànga-dẹ̀rọ rẹ̀ sì lè má jìnnà sí sáláńgá aládùúgbò. Ìlànà omi mímu Nàìjíríà sọ pé E. coli kankan kò gbọdọ̀ sí nínú mílílítà 100 omi. Ojú lásán kò sì lè sọ bóyá ó wà níbẹ̀. Ìwọ tó ní kànga, gbé omi rẹ lọ fún àyẹ̀wò, pàápàá nígbà òjò. Bí èsì bá burú, sọ fún gbogbo ẹni tó ń mu ún, lọ́jọ́ náà gan-an.