Fíìmù Etí Òkun Kan Àwa Náà

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́, a ò ní òkun. Àmọ́ fíìmù etí òkun kan wà tó kàn wá gan-an.

Ẹ̀gbọ́n mi ló fi hàn mí lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Cobra Verde ni wọ́n ń pè é. Werner Herzog, ọmọ Jámánì, ló ṣe é ní 1987. Ó ya apá kan rẹ̀ ní Elmina ní Gánà, níbi tí ilé olódi tí àwọn Potogí bẹ̀rẹ̀ ní 1482 wà. Oníṣòwò ẹrú láti Brazil tó wá sí etíkun Dahomey ló dá lé.

Fíìmù náà dùn, mi ò ní parọ́. Ní ìparí, oníṣòwò yẹn ń wọ́ ọkọ̀ ojú omi, kò lè wọ́ ọ, ó ṣubú sínú omi. Àánú rẹ̀ ti fẹ́ máa ṣe mí! Ni mo bá bi ara mi pé: àwọn tó tà ńkọ́? Mi ò lè dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn.

Bẹ́ẹ̀, ogun kó àwọn ará Èkìtì náà lẹ́rú. Àwọn kan dé òkun, wọn ò padà mọ́.

Àwọn kan á ní Herzog lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ìtàn tó wù ú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ tiwa? Ní họlidé yìí, ẹ jẹ́ ká bi àwọn ìyá àgbà àti bàbá àgbà wa léèrè orúkọ àwọn tí ogun kó lọ nílé wa. Ká kọ ọ́ sílẹ̀, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yìí. Ọjọ́ tí a bá ṣe fíìmù tiwa, wọ́n á lórúkọ.