Ẹ Pa Hásáàdì Yẹn

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ̀yin oní-Márúwá, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ̀kọ́ kan ti mọ́ wa lára bí ẹni pé inú òfin ló ti wá: béèyàn bá dé oríta mẹ́rin tó fẹ́ lọ tààrà, kó tan hásáàdì. Wọ́n ní tiráfíkétọ̀ ọ̀tún fún ọ̀tún, tòsì fún òsì, méjèèjì pọ̀ fún ọ̀kánkán. Ó dùn létí. Irọ́ ni, irọ́ tó sì ń pààyàn ni.

Ẹ wo bọ́tìnì hásáàdì fúnra rẹ̀. Àmì onígun mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀, irú C-caution tó wà ní búùtù yín gan-an. Ti tiráfíkétọ̀ ni ọfà. Ẹni tó ṣe ọkọ̀ kò pè é ní iná ìrìn. Iná ewu ló pè é.

Ẹ jẹ́ ká wá dúró sí oríta. Ẹ̀ ń bọ̀, ẹ fẹ́ lọ tààrà, hásáàdì ń ṣẹ́jú. Ọlọ́kadà kan ń bọ̀ láti ojú ọ̀nà tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yín ló ń wò, gílóòbù ọ̀tún nìkan ló sì rí, torí ara ọkọ̀ ti bo tòsì. Lójú tirẹ̀, ẹ fẹ́ yà wá sójú ọ̀nà tó ti ń bọ̀. Ó gbà pé ọ̀nà ti là, ó já síta. Ẹ̀yin ńkọ́? Tààrà lẹ̀ ń bọ̀. Ta la fẹ́ dá lẹ́bi? Ẹni tó ń lọ tààrà kò nílò iná kankan. Àìtan tiráfíkétọ̀ gan-an ló ń sọ fáyé pé kò yà síbì kan.

Ti ọ̀kadà tún burú jù. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní súwíìṣì hásáàdì látilẹ̀. Réwáyà ló ń bá wọn so ó, wọ́n á sì jẹ́ kó máa ṣẹ́jú látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí ọ̀kadà bá ti ṣubú rí, tí gílóòbù ẹ̀yìn kan fọ́, ẹyọ kan ló kù tó ń ṣẹ́jú. Ẹni tó wà lẹ́yìn á rò pé ó fẹ́ yà, á gba ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá. Ẹni tó gùn ún kò lè mọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà.

“Òjò ńkọ́?” Mo ti ń retí ìbéèrè yẹn. Bí òjò bá ti ṣú ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, gbogbo ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ọkọ̀ mẹ́wàá ń sáré, ìkọkànlá, tírélà kan, ti taku sójú títì, iná kan náà ló wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Báwo lẹni tó ń bọ̀ ṣe fẹ́ mọ èyí tó dúró? Bákan náà, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí hásáàdì bá ti ń ṣiṣẹ́, tiráfíkétọ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́: ẹ fẹ́ bọ́ sí lénì mìíràn, ẹ ò lè sọ ọ́. Iná iwájú ni kẹ́ ẹ tàn, kẹ́ ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Iná pupa ẹ̀yìn á tàn pẹ̀lú rẹ̀, á dúró gbọin, á sì mọ́lẹ̀ sí i bẹ́ ẹ bá tẹ bírékì. Bí òjò bá wá pọ̀ débi tẹ́ ẹ ò ríwájú mọ́, ẹ kúrò lójú títì kẹ́ ẹ dúró. Níbẹ̀ ni hásáàdì ti wúlò.

Ìwé òfin ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fàyè gbà á lórí ìrìn, àfi ní mọ́tòwéè tàbí irú ojú ọ̀nà eré bẹ́ẹ̀, láti kìlọ̀ fẹ́ni tó wà lẹ́yìn pé ewu wà níwájú. Mo fara mọ́ ìyẹn: bí gosíló bá ṣàdédé ṣẹlẹ̀ níwájú yín, ẹ tàn án, kẹ́ni ẹ̀yìn rí i, kẹ́ ẹ pa á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ni ní mọ́tò ni mo dìídì ń bá wí. Lẹ́nu yín lọ̀pọ̀ ọmọ ẹ̀kọ́ ti gbọ́ pé hásáàdì ni ti ọ̀kánkán. Bí èyí tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ lọ́wọ́ bá dé oríta lọ́la tó nawọ́ sí bọ́tìnì náà, ẹ dá a dúró.