Iná Táyà Tí À Ń Fi Téèpù Bò

Ọ̀pọ̀ tókùnbọ̀ tó ń ná Effurun sí Enerhen ní agbègbè Warri ni iná pupa rúsúrúsú kan ń tàn lójú dáṣíbọọ̀dù wọn: àwòrán táyà tí wọ́n là, àmì ìyanu wà láàárín rẹ̀. Bí èrò bá béèrè, awakọ̀ á ní, "Kò sí nǹkan kan, bó ṣe wà látìgbà tí mo ti rà á nìyẹn." Àwọn kan tilẹ̀ ti fi téèpù dúdú bò ó. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, torí pé ikú ènìyàn ló bí iná yẹn.

Lọ́dún 2000 ni ariwo ta ní Amẹ́ríkà lórí táyà Firestone tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ Ford Explorer. Ojú táyà ń ṣí kúrò lórí eré, ọkọ̀ ń gbókìtì, ẹ̀mí tó bá a lọ sì lé ní 200. Wọ́n ṣòfin lọ́dún náà gan-an. Nígbà tó fi di oṣù kẹsàn-án 2007, ọkọ̀ kékeré tuntun kankan kò gbọdọ̀ jáde fún títà níbẹ̀ láìní ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ táyà, tó ń tan iná yẹn. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn la wá ń rà ní tókùnbọ̀.

Nínú púpọ̀ nínú wọn, ẹ̀rọ tíńtín kan wà nídìí fáàfù, lára rímù, pẹ̀lú bátìrì tirẹ̀ tó ń lo bí ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá. Ó sábà máa ń ti kú kí ọkọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí kò bá kú, fọkanáísà tó fi irin ṣí táyà lè kán ẹ̀rọ náà láìmọ̀. Nítorí náà, ẹ wo iná yín dáadáa bí ẹ bá ṣáná sí ọkọ̀. Bó bá ń ṣẹ́jú fún bí ìṣẹ́jú kan kó tó dúró, ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Bó bá tàn gbọin láìṣẹ́jú, afẹ́fẹ́ ló lọ.

Ṣé ó wá yẹ kéèyàn náwó lé ẹ̀rọ mìíràn? Ẹni tí kò kọjá PTI Road àti Jakpa, géèjì tó o: kó máa wọn táyà lówùúrọ̀ kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan, kó sì bá nọ́ńbà ara òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ mu, kì í ṣe 40 tí fọkanáísà fọkàn dá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba East-West Road lọ Port Harcourt, tàbí tó ń gba Sapele lọ Benin, kó rà á. Táyà òde òní tó yẹ kó jẹ́ 32 lè lọ sí 24 kí ojú má mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀, táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré ń rọ̀, ó ń gbóná, títí wáyà inú rẹ̀ á fi tú. Ìṣó tó wọ̀ ọ́ ní Ughelli lè máa jò pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ títí dé Patani. Géèjì tí ẹ lò nílé láàárọ̀ kò lè sọ ìyẹn fún yín.

Èyí tó rọrùn jù ni oríṣi tí wọ́n ń dé sórí fáàfù bí ọmọrí, tí ojú rẹ̀ tó wà lórí dáṣíbọọ̀dù ń fi oòrùn gba iná. Ó ń fi nọ́ńbà táyà kọ̀ọ̀kan hàn. Àbùkù rẹ̀ ni pé olè lè tú u, bí kò bá sì dé dáadáa, òun fúnra rẹ̀ á máa jò. Ẹ fi omi ọṣẹ dán an wò.

Ẹ̀rọ náà kò mọ ọjọ́ orí táyà ṣá o, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ní kí táyà má bẹ́. Ní oṣù kẹta 2016, James Ocholi tó jẹ́ mínísítà kékeré fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, òun, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ kú lójú ọ̀nà Kaduna sí Abuja. Táyà tó bẹ́ ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó dárúkọ. Nọ́ńbà mẹ́rin tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe táyà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: 2315 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2015. Bí táyà yín bá ti gbó, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fowó rà.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn alága gáréèjì Warri: ẹ fi géèjì kan sẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n fi wọn táyà gbogbo ọkọ̀ èrò kó tó jáde lówùúrọ̀, sípíà náà pẹ̀lú.