Ẹ Yẹ Bọ́ọ̀lù Wò Kí Ẹ Tó Dá Ọmọ Lẹ́bi

Ìyá mi ń ta ata àti tòmátì ní ọjà Ìpatà, nílùú Ìlọrin. Kò sí oníbàárà tó máa sanwó láìkọ́kọ́ fọwọ́ tẹ tòmátì wò. Wọ́n á yí i síhìn-ín, wọ́n á yí i sọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n bí àwọn àgbàlagbà yìí kan náà bá fẹ́ ra bọ́ọ̀lù tẹníìsì orí tábìlì fún àwa ọmọ ilé ẹ̀kọ́, èyí tó bá ti pọ̀ lówó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń kó. Wọ́n á ní, "Ṣebí bọ́ọ̀lù náà ni?" Mo ta ko ọ̀rọ̀ yìí.

Ó dùn mí nítorí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Odindi sáà kan ni mo fi bọ́ọ̀lù líle tí kò rí roboto kọ́ eré yìí. Nígbà tí a dé ibi ìdíje, bọ́ọ̀lù oníràwọ̀ mẹ́ta ni wọ́n gbé jáde. Bí mo bá gbá a tí kò há sí àwọ̀n, á fò kọjá tábìlì. Sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta sí òdo ni wọ́n fi nà mí. Nígbà tí a padà délé, wọ́n ní ẹ̀rù ló bà mí. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko. Bọ́ọ̀lù ló jẹ̀bi, èmi ni wọ́n dá lẹ́bi.

Bọ́ọ̀lù yìí ní òfin tirẹ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó mìlímítà 40, ìwúwo rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 2.7. Mìlímítà 38 ni tẹ́lẹ̀, kí àjọ àgbáyé tó mú un tóbi sí i lọ́dún 2000 kí eré lè rọlẹ̀ díẹ̀. Ní 2014, wọ́n fi ike mìíràn rọ́pò sẹ́lúlọ́ìdì, tó máa ń tètè gbiná. Ṣẹ́gun Tóríọlá, ọmọ Nàìjíríà tó lọ sí Òlíńpíìkì nígbà 7 láàárín 1992 sí 2016, gbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí mìlímítà 2 péré bá tó ohun tí gbogbo ayé ń ṣòfin lé lórí, báwo ni ẹ ṣe ní bọ́ọ̀lù kan ò yàtọ̀ sí òmíràn?

Àwọn kan á ní oníràwọ̀ mẹ́ta ti wọ́n jù. Òótọ́ ni, n kò sì ní kí ẹ máa rà á fún ojoojúmọ́. Bọ́ọ̀lù ìgbáradì wà tí kò wọ́n tó o, tí wọ́n kọ "40+" sí lára. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ yí i lórí tábìlì tó tẹ́jú. Bí ó bá ń yà síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò rí roboto. Ẹ fìka tẹ̀ ẹ́ yíká. Bí ibì kan bá rọ̀ ju ibòmíràn lọ, ẹ dá a padà. Ẹ gbé rúlà wa dúró lórí tábìlì tó dára, sẹ̀ǹtímítà 30 ni. Ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù já bọ́ láti orí rẹ̀. Ó yẹ kó ta padà tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 23. Gbogbo èyí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, bí ìdíje bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa ní oníràwọ̀ mẹ́ta díẹ̀ kí ọwọ́ wa lè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin òbí, ẹ tẹ bọ́ọ̀lù wò bí ẹ ṣe ń tẹ tòmátì. Bí a bá tún fìdí rẹmi lẹ́yìn náà, ẹ lè bá wa wí, a ó gbà.