Oríkì Kì Í Ṣe Òṣùwọ̀n

Bí a bá ní kí ẹnìkan bá wa wọn gàárì, tí ó gbé kóńgò dání, ṣùgbọ́n tí kò bu gàárì kankan sí i, tí ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, kò sí ẹni tí yóò sọ pé ó wọn nǹkan kan. Oríkì dùn létí, orí ẹni tí a ń kì a sì máa wú, ṣùgbọ́n oríkì kò kún kóńgò. Mo mú àfiwé yìí wá nítorí pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tí ó peregedé jù lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà, èyí tí àjọ CAF ń fúnni, àti ní pàtàkì lórí ti ọdún 2013, tí wọ́n fi fún Yaya Touré, ọmọ Côte d'Ivoire, tí John Mikel Obi, ọmọ Nàìjíríà, sì ṣe ìkejì. Èrò mi ni pé àwọn tí ó dìbò lọ́dún náà kò wọn gàárì. Oríkì ni wọ́n ki.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ni mo ń wá nínú ọ̀rọ̀ tí ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Ìdáhùn mi ni pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán nílẹ̀ ní Èbúté Èrò, níbi tí mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Orúkọ àdúgbò náà fúnra rẹ̀ ti sọ ìtàn rẹ̀: èbúté ni, ibi tí àwọn èrò ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n sì ń gbé ọjà wọn wọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọjà àwọn tí kò mọ ara wọn rí ni, nítorí náà a kò lè fi ìbátan ṣe é. Òṣùwọ̀n tí olùtà àti olùrà jọ ń fojú rí ni ó ń jẹ́ kí wọ́n ná an láìjà. Olùrà tí ó bá fura pé ìdí kóńgò ti wọnú ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n da gàárì padà, kí wọ́n tún un wọ̀n lójú òun.

Ní àdúgbò yìí kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń pé jọ sí àwọn yàrá kéékèèké láti gbá bọ́ọ̀lù inú kọ̀ǹpútà. Wọn a gbá odindi líìgì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí sáà bá sì parí, ẹ̀rọ yóò kéde agbábọ́ọ̀lù tí ó tayọ jù lọ. Ibẹ̀ ni ariwo ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń kan ẹ̀rọ kò ṣòro láti lóye. Kí ẹnikẹ́ni tó tẹ bọ́tìnnì, àwọn tí ó ṣe eré náà ní òkè òkun ti fi nọ́ńbà sí ara agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan láti fi bí agbára rẹ̀ ti tó hàn, ohun tí ó ti ṣe lánàá ni wọ́n sì fi ń pinnu nọ́ńbà náà. Ẹni tí ó ti lórúkọ ti fi ẹsẹ̀ kan ṣáájú kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ yìí kì í pẹ́ lórí ti ẹ̀rọ kí wọ́n tó bọ́ sórí ti CAF, mo sì gbà pé wọ́n jàre láti so méjèèjì pọ̀. Ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe láìmọ̀ọ́mọ̀ ni àwọn ènìyàn ẹlẹ́ran ara ṣe lórí ọ̀rọ̀ ọdún 2013: wọ́n fi nọ́ńbà àná ka iṣẹ́ òní.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ iṣẹ́ ọdún náà wò. Ní oṣù kìíní àti oṣù kejì ọdún 2013 ni wọ́n gbá Ife Ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Gúúsù Áfíríkà. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì, ní ìlú Rustenburg, nígbà tí ó ku ẹgbẹ́ mẹ́jọ, Nàìjíríà pàdé Côte d'Ivoire, a sì fi góòlù 2 sí 1 lù wọ́n, lójú Yaya Touré àti Didier Drogba tí wọ́n wà lórí pápá. Ní ọjọ́ 10 oṣù náà, ní Johannesburg, góòlù kan ṣoṣo tí Sunday Mba gbá wọlé ni a fi borí Burkina Faso, tí ife náà sì padà sọ́dọ̀ wa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 1994. Mikel ni òpó àárín ẹgbẹ́ náà. N kò tilẹ̀ ní ka ife Europa League tí Chelsea, ẹgbẹ́ rẹ̀, gbà ní Amsterdam ní oṣù karùn-ún mọ́ ọn, nítorí ti Áfíríkà nìkan tó fún ẹjọ́ tí mo ń rò. Ní ti Yaya Touré, Manchester City tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ṣe ipò kejì nínú líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní sáà náà, Wigan sì na wọ́n ní àṣekágbá FA Cup ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún. Kò gba ife kankan.

Ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2014 ni wọ́n kéde àbájáde, ní Èkó níbí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan náà, wọ́n ní Nàìjíríà ni ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè tí ó dára jù lọ, wọ́n sì ní olóògbé Stephen Keshi ni akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó dára jù lọ. Ẹgbẹ́ dára jù, olùkọ́ ẹgbẹ́ dára jù. Ta wá ni ó gbá bọ́ọ̀lù náà?

N kò kọ̀ pé agbábọ́ọ̀lù ńlá ni Yaya Touré. Ó ti gba àmì-ẹ̀yẹ yìí ní ọdún 2011 àti 2012, ó sì tún gbà á ní ọdún 2014. Àwọn tí ó ń gbèjà rẹ̀ yóò rán wa létí pé láti oṣù kẹjọ ọdún 2013 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá góòlù wọlé léraléra fún Manchester City, àti pé àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù tí ó dìbò fún àmì-ẹ̀yẹ BBC lọ́dún náà mú òun kan náà. Òtítọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n góòlù oṣù mẹ́rin tí a gbá nínú líìgì tí kò tíì parí kò wúwo tó ife tí a ti gbà, ìbò olólùfẹ́ sì ni ibi tí orúkọ ti ń lágbára jù lọ. Ti CAF yẹ kí ó yàtọ̀, nítorí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá àti ọ̀gá onímọ̀ bọ́ọ̀lù àwọn orílẹ̀-èdè ni wọ́n gbé ìbò náà lé lọ́wọ́.

Ẹ̀rí tí ó tẹ̀ mí lọ́rùn jù kò tilẹ̀ kan Mikel. Nígbà tí ìdíje Gúúsù Áfíríkà parí, Jonathan Pitroipa, ọmọ Burkina Faso, ni wọ́n yàn gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tí ó tayọ jù níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ka ẹni mẹ́ta tí ó ṣáájú fún gbogbo ọdún náà, Pitroipa kò sí nínú wọn. Drogba ni ó ṣe ẹ̀kẹta, Drogba tí ẹgbẹ́ rẹ̀ darí sílé láti Rustenburg. Lóòótọ́, ó bá Galatasaray gba líìgì ilẹ̀ Tọ́kì. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé iṣẹ́ Drogba ní ọdún 2013 ju ti Pitroipa lọ, bí kò bá ṣe pé orúkọ Drogba ti kún etí rẹ̀ kí ó tó mú bírò?

Ibi tí èmi àti àwọn ènìyàn mi ti pínyà nìyí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà sọ ní ọdún 2014, tí wọ́n sì ń sọ títí di òní, ni pé wọ́n kórìíra wa. Àwáwí lásán ni. Àjọ tí ó fi àmì-ẹ̀yẹ yìí dá Rashidi Yekini lọ́lá ní ọdún 1993, tí ó fún Emmanuel Amunike ní ọdún 1994, Nwankwo Kanu ní 1996 àti 1999, àti Victor Ikpeba ní 1997, kò kórìíra ẹnikẹ́ni. Àwa náà a sì máa ki oríkì nígbà tí a ní kí a wọ̀n. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Austin Okocha. Ní ọdún 1998, Mustapha Hadji, ọmọ Mòrókò, ni ó gbà á, Okocha sì ṣe ìkejì. N kò tíì pàdé ẹnikẹ́ni tí ó ń bínú sí èyí tí ó mẹ́nu ba ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1998: pé Nàìjíríà na Sípéènì ní Faransé, tí Denmark sì fi góòlù 4 sí 1 lé wa padà sílé, tàbí pé góòlù tí Hadji gbá sí àwọ̀n Norway wà lára àwọn tí ó rẹwà jù nínú Ife Àgbáyé náà. Bí Okocha ṣe ń fi ẹsẹ̀ dárà láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ dé òpin ni wọ́n ń sọ. Ó lè jẹ́ pé òun ni ó tọ́ sí. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń ro ẹjọ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí bí àwọn olùdìbò ṣe ro ti Yaya.

Ìdánwò tí ó le jù dé ní ọdún 2024. Bí ó bá jẹ́ pé òfin tí a pariwo lórí Mikel ni pé ọmọ ẹgbẹ́ tí ó gba ife Áfíríkà ni kí á fún, Côte d'Ivoire ni ó gba ife náà ní Abidjan ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 2024, àwa ni wọ́n sì nà ní àṣekágbá. Simon Adingra ni ó gbé bọ́ọ̀lù méjèèjì kalẹ̀ tí wọ́n fi gbá góòlù sí wa lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí CAF pe Ademola Lookman jáde ní Marrakech ní oṣù kejìlá, ṣé a rí ọmọ Nàìjíríà kan tí ó ní kí wọ́n gbé e fún Adingra? Ijó ni a jó. Ẹni tí ó bá yí òṣùwọ̀n padà nígbà tí ó ń tà, tí ó tún yí i padà nígbà tí ó ń rà, kò lẹ́nu láti pe ẹlòmíràn ní ayannijẹ.

Èmi náà bá wọn yọ̀ sí ti Lookman, mo sì lè sọ ìdí rẹ̀. Òṣùwọ̀n tèmi ni ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ni ẹni yìí ṣe láàárín ọdún yìí, nínú eré tí nǹkan ńlá rọ̀ mọ́, tí kì bá má ṣẹlẹ̀ bí kò bá sí níbẹ̀? Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2024, ní Dublin, Atalanta pàdé Bayer Leverkusen tí kò tíì sí ẹni tí ó borí wọn nínú eré 51 léraléra. Góòlù 3 sí 0 ni eré náà parí sí, Lookman ni ó sì gbá gbogbo rẹ̀. Òṣùwọ̀n yìí gbé Lookman síwájú Adingra, ó sì gbé Mikel síwájú Yaya. Bí ó bá mú ọmọ ilẹ̀ mìíràn lọ́la, n ó gbà.

Ẹ má ṣe rò pé mo kórìíra oríkì. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé oríkì kò ní gbèdéke ọdún: a lè fi iṣẹ́ bàbá ńlá ki ọmọ tí a bí lánàá. Àmì-ẹ̀yẹ ọdọọdún kò rí bẹ́ẹ̀, ọdún kan ni ó ń wọ̀n. Àwọn ìyálọ́jà wa ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ bu ọlá fún oníbàárà àtijọ́, wọn a kọ́kọ́ wọn ọjà rẹ̀ pé pérépéré bí ti àlejò, kí wọ́n tó bu èènì lé e. Èènì kì í rọ́pò òṣùwọ̀n, wọn kì í sì í mú un nínú ti ẹlòmíràn. Bí CAF bá fẹ́ yẹ́ ẹni tí ó ti gbayì fún ọdún púpọ̀ sí, kí wọ́n fún un ní èènì tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù nìkan kọ́ nìyí. Bákan náà ni a ṣe ń fi oyè jẹ ẹni tí ó ti ní oyè mẹ́ta, tí a ń fi ẹ̀bùn ìwé dá òǹkọ̀wé tí ó ti gbajúmọ̀ lọ́lá láìka ìwé rẹ̀ ti ọdún náà. Iṣẹ́ Mikel jẹ́ iṣẹ́ ẹni tí ń gbẹ́ ilẹ̀ kí ẹlòmíràn tó gbìn: ó ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ọ̀tá, ó ń gbé e fún ẹni tí yóò di olókìkí. Ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ ní Ìdúmọ̀tà ń wò wá. Bí ó bá rí i pé orúkọ ni a ń sanwó fún, orúkọ ni yóò máa wá kiri, yóò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí CAF kọ òṣùwọ̀n sílẹ̀ kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀, kí a mọ bóyá ọdún kàlẹ́ńdà ni wọ́n ń kà tàbí sáà líìgì, kí a sì mọ bí ife ti wúwo tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ góòlù. Kí olùdìbò kọ̀ọ̀kan kọ gbólóhùn kan tí ó sọ ìdí tí ó fi mú ẹni tí ó mú, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Adájọ́ tí kò sọ ìdí ìdájọ́ rẹ̀ kò lè bínú bí wọ́n bá pè é ní olójúsàájú. Ní ti àwa òǹwòran, kí olúkúlùkù wa kọ òṣùwọ̀n tirẹ̀ sínú ìwé kí wọ́n tó kéde ti ọdún tí ń bọ̀. Bí ó bá bá orúkọ tí wọ́n pè mu, kí ó pàtẹ́wọ́, ìbáà jẹ́ ọmọ Mòrókò tàbí ọmọ Íjíbítì. Bí kò bá bá a mu, ìgbà náà ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n da gàárì padà, kí wọ́n tún un wọ̀n.