Jíìpù Ogun: Èwo Ni Ojúlówó?

Ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí, ọkọ̀ èyíkéyìí tó bá ga nílẹ̀ tó sì fẹ̀ láyà, jíìpù là ń pè é, ìbáà jẹ́ ilẹ̀ Japan ló ti wá tàbí Jámánì. Orúkọ náà ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a kì í rántí mọ́ pé ọkọ̀ ogun ló ni ín. Jíìpù àkọ́kọ́ kéré, kò ní ilẹ̀kùn, aṣọ sì ni òrùlé rẹ̀. Ọdún 1940 ni àwọn ológun Amẹ́ríkà ké sí àwọn tó ń ṣe mọ́tò pé àwọn ń wá irú rẹ̀. Bantam, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní ìlú Butler ní Pennsylvania, ló kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ jáde nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ṣùgbọ́n Willys-Overland àti Ford ni iṣẹ́ ńlá náà bọ́ sí lọ́wọ́. Kí ogun tó parí lọ́dún 1945, àwọn méjèèjì ti ṣe èyí tó lé ní 600,000.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Ìlú Ọba ló kó mi wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá bàbá wa wà lára àwọn tó lọ sógun Bọ́mà, ó sì ti pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń tọ́jú owó láti ra jíìpù ìgbà náà. Wọ́n rí ọ̀kan. Ẹni tó ń tà á ní Ford ọdún 1942 ni, pé wọ́n tún un ṣe tinútẹ̀yìn, pé ojúlówó ni. Ẹ̀gbọ́n mi fi àwòrán ránṣẹ́, wọ́n ní, “Àbúrò, ìwọ tó o fẹ́ràn láti máa tú ìwé àtijọ́, bá mi wò ó.”

Gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń yẹ tòkunbọ̀ wò: a ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, a ó wo abẹ́ rẹ̀ bóyá epo ń jò. Ohun tí à ń bi tòkunbọ̀ ni pé, ṣé yóò gbé mi délé? Ohun tí à ń bi jíìpù ogun ni pé, ta ni ọ́? Ìbéèrè náà le, nítorí pé àwòrán kan náà ni Willys àti Ford fi ṣiṣẹ́, kí ẹ̀yà ara ti ọ̀kan lè rọ́pò ti èkejì lójú ogun. Àní, nínú GPW tí Ford fi pe tirẹ̀, Willys tó ni àwòrán náà ni W yẹn ń tọ́ka sí.

Síbẹ̀, ìyàtọ̀ wà. Ford a máa tẹ lẹ́tà F sára ohun tó bá ṣe, títí kan orí bóòtù. Willys a máa lẹ nọ́ńbà ọkọ̀ mọ́ inú irin gbọọrọ apá òsì lẹ́yìn bọ́ńpà iwájú. Ford a máa tẹ tirẹ̀ sí orí irin náà gan-an. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni irin ìdábùú tó wà níwájú, lábẹ́ ẹnu ọkọ̀. Ti Willys yí bìrìkìtì bí ọ̀pá omi, ti Ford ní igun. Kíkùn kì í bò ó, ẹni tó ń ṣe èrú kì í sì í sábà rántí rẹ̀.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kó ya irin iwájú yẹn.” Àwòrán dé. Irin náà yí bìrìkìtì. Ara Ford ló wà lókè, egungun Willys ló wà nísàlẹ̀.

Ìdí tí ènìyàn fi lè fẹ́ purọ́ kò fara sin. Nǹkan bí 25,000 Willys tó kọ́kọ́ jáde ló ní ẹnu onírin tí wọ́n jó pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó máa lo páànù tí wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ṣáájú tún ní orúkọ ilé-iṣẹ́ lẹ́yìn, kí ìjọba tó fòpin sí i lọ́dún 1942. Àwọn wọ̀nyí ni olówó ń lé kiri. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọ́n ń ṣe odindi ara jíìpù tuntun ní Philippines, pátákó irin kékeré tí wọ́n ń kọ ọjọ́ orí ọkọ̀ sí náà wà lọ́jà láìní nǹkan kan lára. Nítorí náà, pátákó tó ń dán kì í ṣe ẹ̀rí lójú mi. Kíkùn tó ń dán burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀dà ọkọ̀ ogun kì í dán, kí oòrùn má baà tàn án fún ọ̀tá.

Ṣé ayédèrú wá ni ọkọ̀ yìí? Èmi kò gbà. Àwọn ológun fúnra wọn ló kọ́kọ́ da ẹ̀yà wọn pọ̀. Lẹ́yìn ogun, ní ibùdó àtúnṣe tí àwọn ológun Faransé ní sí La Maltournée, wọ́n a tú jíìpù palẹ̀, wọ́n a sì tò ó padà láìbìkítà ẹ̀yà tó jẹ́ ti ta. Ẹ wo ẹ̀kú egúngún ilé wa: ọmọ ilé a máa fi aṣọ kún un lọ́dọọdún, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní irọ́, torí pé agbo ilé mọ ẹni tó fi èwo kún un. Èyí tí mo ń pè ní irọ́ ni Hotchkiss M201 tí wọ́n ṣe ní Faransé láàárín 1955 sí 1966, tí ẹnìkan wá kun ìràwọ̀ funfun sí, tó ní ó ti rógun Hitler. Jíìpù dáadáa ni M201. Ẹnu ẹni tó ń tà á ló bà á jẹ́.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo ń ra, ọkọ̀ tó dípẹtà díẹ̀, tí ọ̀dà àtijọ́ ṣì wà lábẹ́ ìjókòó rẹ̀, tó sì ní ìwé àtúnṣe, yóò wù mí ju arẹwà tí kò ní ìtàn. Ẹ̀gbọ́n mi fi àwòrán irin náà han ẹni tó ń tà á, owó sì ti wálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kun aláǹtakùn dúdú lórí àwọ̀ yẹ́lò sí iwájú rẹ̀. Àmì ẹ̀ka ọmọ ogun 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nìyẹn, Ananse tí àwọn Akan ń pìtàn rẹ̀ bí àwa ṣe ń pìtàn Ìjàpá. Ọwọ́ àwọn ọmọ ogun yẹn ló la ọ̀nà jíìpù gba orí òkè dé àfonífojì Kaladan. Níbi tí ọ̀nà náà parí sí, orí ni wọ́n fi ru ẹrù. Kò sí ìwé kankan tó fi hàn pé ọkọ̀ yìí dé ibẹ̀. Mo ní kí wọ́n kun àmì náà tó bá wù wọ́n, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ìwé náà sì wà nínú ọkọ̀: ọjọ́ tí wọ́n kùn ún, ẹni tó kùn ún, àti orúkọ bàbá tí wọ́n fi ṣe ìrántí rẹ̀. Wọn kò tíì dá mi lóhùn.